Ìkòkò Ìrẹsì Etí Òkun New Kru Town

Ẹ̀yin tèmi, mo ti dé o, ara mi sì le. Ẹ yéé wò mí bí ẹni tó ti ojú ogun bọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti padà sí Ìbàdàn ni gbogbo ẹni tó bá rí mi ti ń béèrè bóyá mo gbọ́ ìró ìbọn ní Làìbéríà. Ìbọn ti báwo? Ogun ibẹ̀ ti parí tipẹ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀ ti ń tọ́mọ báyìí. Ohun tó ń bá Monrovia fà á lónìí kò gbé ìbọn dání. Omi ni. Òjò ibẹ̀ kì í rọ̀ bíi tiwa, ńṣe ló máa ń jókòó síni lórí, òkun náà sì ń bu etí ìlú jẹ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń jẹ àkàrà.

Omi ọ̀hún ló gbé mi débẹ̀. Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Èmi ni mo máa ń lọ bá àwọn tó kọ́lé sẹ́bàá odò lásìkò òjò pé kí wọ́n dìde, èmi náà sì ni wọ́n máa ń bú lójú ara mi. Nígbà tí àjọ ìjọba Làìbéríà tó ń rí sí ààbò ará ìlú àti ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì bẹ ọ́fíìsì wa pé kí wọ́n yá àwọn ní ẹnì kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń kó èèyàn kúrò lójú omi, ọ̀gá mi kò fi falẹ̀ rárá. Ó ní, “Bísí, ìwọ ni. Ẹnu rẹ le, ẹsẹ̀ rẹ sì yá.” Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa tijú bí wọ́n bá yìn ín.

Káàbọ̀

Òjò ló kọ́kọ́ kí mi ní pápákọ̀ òfurufú. Lábẹ́ agboòrùn kan tó ti ṣẹ́ lápá kan ni bàbá arúgbó kan ti na ọwọ́ sí mi, tó ní, “Káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà lo dé? Àwọn ará ilé ńkọ́? Ṣé òjò ti ń rọ̀ dáadáa ní Ìbàdàn?” Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Yorùbá pọ́ńbélé, ti Ìsẹ́yìn, ní ìlú onílùú!

Bàbá Sùlè ni wọ́n ń pè é. Ó wà lára àwọn awakọ̀ tó bá àwọn sójà wa wá nígbà tí wọ́n wá pẹ̀tù sí ogun yẹn. Nígbà tí àwọn yòókù ń kó ẹrù wọn padà sílé, òun ti fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, ó ti mọ ọ̀nà mọ́sáláṣí, ló bá kúkú jókòó. Lọ́rì àjọ pàjáwìrì ló ń wà báyìí. Yorùbá rẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ó ti bá tiwọn ṣe àdàlù. “Ibi tí à ń lọ far small,” ló wí fún mi, “ṣùgbọ́n a máa dé, by God power.”

Lójú ọ̀nà, mo rí obìnrin kan tó ju ọwọ́ sí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó ń pariwo pé, “Kẹ̀kẹ́! Kẹ̀kẹ́!” Mo ní, “Háà, Bàbá, ọ̀rọ̀ tiwa kọ́ nìyẹn?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Wọ́n yá a lọ́wọ́ wa ni. Wọn ò sì ní dá a padà mọ́.”

Nígbà tó yá, wọ́n mú mi lọ kí ọ̀gá àgbà àjọ náà, bàbá arẹwà kan tí orí rẹ̀ ti funfun. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí bí mo ṣe lè nàró gbagidi níwájú ẹni tó dàgbà ju bàbá mi lọ. Mo kúnlẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ariwo ti sọ. Ẹnì kan gbá apá mi mú, ẹnì kan sáré lọ bu omi, obìnrin kan ti ń tú bọ́tìnnì ọrùn mi, wọ́n ní àlejò ti dákú! Ẹ sì rántí pé iṣẹ́ wọn nìyẹn, kí wọ́n máa tọ́jú ẹni tó bá ṣubú. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán pé ìkíni ni, gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Inú mi dùn. Mo ti rí i pé àwọn tí mo fẹ́ bá ṣiṣẹ́ kì í sùn lẹ́nu iṣẹ́.

Dẹkọ́ntì lorúkọ obìnrin tó tú bọ́tìnnì mi. Òun ló ń bójú tó ibùdó tí wọ́n máa ń kó àwọn tí omi lé kúrò nílé sí. Ẹgbẹ́ mi ni lọ́jọ́ orí, ẹnu rẹ̀ sì le tó tèmi. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bọ ọwọ́ níbẹ̀: ẹ óò di ọwọ́ ara yín mú, bí ẹ bá ń fà á padà, ìka rẹ yóò gbá ìka ẹnì kejì, yóò sì dún. Tèmi kò kọ́kọ́ dún. Àwọn ọmọ ọ́fíìsì ní ọwọ́ mi dà bí ẹja tútù. Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo ń ta ìka débi pé ẹni tó wà ní yàrá kejì á bojú wò.

Oúnjẹ wọn ńkọ́? Ẹ jókòó dáadáa. Ewé ẹ̀gẹ́! Ewé ẹ̀gẹ́ tí àwa ń já fún ewúrẹ́ ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń fi epo, ẹran àti ẹja sè, tí wọ́n wá ń dà sórí ìrẹsì. Nígbà àkọ́kọ́ tí Dẹkọ́ntì gbé e síwájú mi, mo ní èmi kì í ṣe ẹran ọ̀sìn. Ó ní kí n ṣáà tọ́ ọ wò. Ẹ̀yin ará mi, mo lá abọ́. Ọ̀la lè jẹ́ ewé ọ̀dùnkún, ọ̀tunla ilá, ṣùgbọ́n ìrẹsì ló máa ń wà nísàlẹ̀ abọ́ náà lójoojúmọ́. Bó bá dìrọ̀lẹ́, èmi á rọra ti ilẹ̀kùn mọ́rí, n ó ro ẹ̀bà mi, nítorí lójú tèmi, ìrẹsì kì í ṣe oúnjẹ gan-an. Oúnjẹ ọdún ni, oúnjẹ ọmọdé, èyí tó ti dà kí èèyàn tó ṣan ọwọ́ tán.

Etí omi

New Kru Town gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ pè mí. Orí Bushrod Island ló wà, tí èèyàn bá ti kọjá èbúté àti àwọn ilé ìkẹ́rù ńláńlá. Apẹja àti òṣìṣẹ́ èbúté ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn obìnrin wọn sì ń yan ẹja. Òórùn èéfín àti iyọ̀ gba gbogbo àdúgbò. Òórùn náà wù mí, kí n má purọ́.

Ilé tó súnmọ́ omi jù lọ ni ti ìyá arúgbó kan, Ol’ Ma Nyẹ́má. “Ol’ Ma” ni wọ́n ń pe àwọn ìyá àgbà níbẹ̀. Òun àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń gbé ilé náà. Àwọn òbí wọn wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú míì. Ògiri ẹ̀yìn ilé ti sán débi pé èèyàn lè ti inú rẹ̀ rí òkun. Mo bi í bóyá ẹ̀rù kì í bà á. Ó na ọwọ́ sí àárín omi, níbi tí ìgbì ti ń fọ́.

“You see there? My husband house was there. The school was behind it. Then the road.”

Gbogbo rẹ̀ ti di òkun. Bí omi bá ti dé ẹnu ọ̀nà, ìyá náà á kọ́ ilé mìíràn sẹ́yìn díẹ̀, á sì máa yan ẹja rẹ̀ lọ. Ojú ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ràn ìyá yìí, mo sì mọ̀ pé òun ni yóò fún mi ní wàhálà jù.

Èmi àti Dẹkọ́ntì bá àwọn àgbà àdúgbò ṣèpàdé. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ju àwọn tí mo ń bá jà nílé lọ, ẹ má bínú sí mi. A fẹnu kò pé lọ́jọ́ tí àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ bá ti ní òkun yóò kún pẹ̀lú ìjì, a ó fọn fèrè ńlá tó wà lórí lọ́rì, kí gbogbo àwọn tó wà létí omi wá sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kan tó wà lókè títì. Àwọn ará wa ló dá ìjọ náà sílẹ̀. Pásítọ̀ rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ti Iléṣà wá. Mo wá fún wọn ní òfin kan tí mo máa ń fún àwọn ará ibí náà: ẹ gbé ọmọ, ẹ fi ẹrù sílẹ̀. Mo ti mọ ẹni tí omi gbé lọ nítorí tẹlifíṣọ̀n.

Ọjọ́ náà dé. Wọ́n ní bí òkun bá kún nírọ̀lẹ́, ìjì tó ń bọ̀ yóò tì í wọ àwọn ilé. A fọn fèrè láàárọ̀, nígbà tó fi máa di ọ̀sán, gbogbo wọn ti pé sí ilé ẹ̀kọ́, ọmọ lẹ́yìn, ọwọ́ lófo, bí mo ṣe wí gẹ́lẹ́. Ol’ Ma Nyẹ́má náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ẹ ò bá rí mi nínú ẹ̀wù àwọ̀ ọsàn mi lọ́jọ́ náà! Mo ń rìn bí ẹni tó ra ilẹ̀ ibẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà ni omi òjò ya wọ àwọn ilé ní Barnersville, lápá kejì ìlú. Dẹkọ́ntì àti Bàbá Sùlè kó gbogbo oúnjẹ tó wà lọ́wọ́ àjọ lọ síbẹ̀, nítorí èèyàn ibẹ̀ pọ̀ ju tiwa lọ. Dẹkọ́ntì pè mí lórí fóònù pé ta ni yóò bọ́ àwọn tó wà lọ́dọ̀ mi. Kí n tó dáhùn, ìyàwó pásítọ̀ ti gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ní kí wọ́n má da ara wọn láàmú, ìjọ yóò bọ́ wọn.

Iyán Ìjẹ̀ṣà

Mọ́mì ni gbogbo wa ń pe ìyàwó pásítọ̀. Ìjẹ̀ṣà ni, ẹ sì mọ ohun tí Ìjẹ̀ṣà lè fi iṣu ṣe.

“Anti Bísí, ẹ fọkàn balẹ̀,” ló wí. “A ò ní fi ìrẹsì lásán tan àlejò. Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Ẹni tó sá fún omi nílò ohun tí yóò dúró níkùn.”

“Ẹ ṣeun, Mọ́mì. Ọ̀rọ̀ lẹ sọ.”

Iṣu wọ́n ní Monrovia, ṣùgbọ́n wọ́n wá a. Àwọn obìnrin ìjọ gún iyán fún àwọn àgbà, wọ́n ro ẹ̀bà fún àwọn yòókù, ẹ̀gúsí rèé, ẹja ń yọ orí nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin New Kru Town dìde láti ràn wọ́n lọ́wọ́, Mọ́mì lé wọn padà sórí ẹní, ó ní àlejò kì í dáná. Wọ́n jẹun, wọ́n dúpẹ́. Ọkùnrin kan tó jókòó lábẹ́ igi máńgòrò tilẹ̀ gba àfikún, ó sì pọ́n ìka lá. Mo ní lọ́kàn ara mi pé bí mo bá padà délé, mo fẹ́ kọ́ àwọn ọ̀gá mi bí wọ́n ṣe ń ṣètò ibùdó.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, lọ́rì dé láti Barnersville. Dẹkọ́ntì bọ́ sílẹ̀, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ ọkùnrin abẹ́ máńgòrò.

“My brother, you eat?”

“My sister,” ọkùnrin náà dáhùn, “since morning I na eat-o.”

Ó ní òun kò tíì jẹun láti àárọ̀! Ẹ̀jẹ̀ ru sí mi lójú. Mo sáré débẹ̀, mo ní ìwọ ọkùnrin yìí, èmi tí mo fi ojú mi rí ọ pẹ̀lú iyán, tí o tún gba àfikún, ojú mi báyìí lo ti ń purọ́? Ojú kò tì í rárá. Ó wò mí jẹ́jẹ́, ó pe iyán náà ní fùfú, ó ní, “The fufu? I eat it. It was fine. But I na eat.”

Orí àtẹ̀gùn ni Dẹkọ́ntì jókòó sí, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń fi ọwọ́ gbá itan. Òun ló wá là mí lóye. Ní Làìbéríà, ẹni tí kò bá tíì jẹ ìrẹsì kò tíì jẹun. Ì báà jẹ iyán, ì báà jẹ búrẹ́dì, kó jẹ odindi ewúrẹ́ kan lé e, ó kàn fi panu ni. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ìyá kan kò tíì fún ọmọ rẹ̀ ní ìrẹsì, ebi ló mú un sùn, ojú á sì ti ìyá náà láàárín ẹgbẹ́.

Bàbá Sùlè mi orí. “Ọmọ mi, nígbà tí mo ń tọrọ ìyàwó mi, mo gbé iṣu àti ẹran lọ sílé àna mi. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n wá ní ebi ń pa àwọn.”

Èmi náà ti ń rẹ́rìn-ín kí Dẹkọ́ntì tó dákẹ́ lójijì. Ó dìde. Ó wo gbogbo àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ náà. “Bísí, where the women?”

Mo yíjú. Àwọn ọkùnrin wà níbẹ̀, àwọn arúgbó tó ń tòògbé wà níbẹ̀. Àwọn ìyá kò sí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn kò sì sí. Ẹní Ol’ Ma Nyẹ́má ṣófo. Kò sí ẹni tó nílò àlàyé mọ́. Ilẹ̀ fẹ́ ṣú, ọmọ kò tíì jẹun, ìkòkò àti ìrẹsì wà nílé, nítorí èmi ni mo ní kí wọ́n fi ẹrù sílẹ̀. Wọ́n ti padà sétí òkun lọ dáná. Ìjì sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́.

Olè

Bàbá Sùlè wa lọ́rì náà bí ọ̀dọ́mọkùnrin. Títì ni ọkọ̀ lè dé, a bọ́ sílẹ̀, a sáré wọ inú yanrìn. Èéfín ń jáde láti ilé mélòó kan. Dẹkọ́ntì gba ọ̀tún, ó ń gbá ilẹ̀kùn, èmi gbé gbohùngbohùn mi, mo ń kígbe pé kí wọ́n jáde, òkun ti ń bọ̀. Afẹ́fẹ́ gba ohùn mi lọ. Ẹnì kan ti inú ilé dá mi lóhùn pé òun ń bọ̀, ìrẹsì òun ti fẹ́ jinná. Ẹlòmíì náà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ó ti pẹ́ tí irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ti bà mí kẹ́yìn.

Ol’ Ma Nyẹ́má jókòó sórí àpótí níwájú ààrò rẹ̀, lábẹ́ páànù tó fi ṣe ilé ìdáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ jókòó lórí ẹní, ṣíbí lọ́wọ́. Ìkòkò ń hó. Lẹ́yìn ògiri tó sán yẹn, mo ń gbọ́ òkun bó ṣe ń mí.

“Ol’ Ma, I beg you, come. The water don reach your wall.”

“My daughter, wait small.” Kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. “The rice soon dry.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ fún un, òun kò sì pè é ní dídákú, ó ní kí n dìde, kí n jókòó, kí n bá àwọn jẹ ẹ́. Mo fi ìjọba halẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní òkun mọ òun, òkun yóò dúró de ìrẹsì òun. Mo fẹ́ gbé ọmọ tó kéré jù, ọmọ náà figbe ta, ó di ìyá rẹ̀ àgbà mọ́ra. Omi gba abẹ́ ògiri wọlé, ó dé ẹsẹ̀ ẹní, ó padà. Ìyá náà kàn gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: kì í ṣe ọgbọ́n ni mo lò, inú ló bí mi. Mo bọ́ ẹ̀wù àwọ̀ ọsàn mi, mo ká a, mo fi ṣe òṣùká. Mo fi ìborùn mi gba etí ìkòkò náà mú, mo yọ ọ́ kúrò lórí iná, ó di orí mi, mo sì gba ọ̀nà títì lọ.

Mo gbọ́ tí àpótí tó jókòó lé ṣubú. Lẹ́yìn náà ni ohùn ìyá náà là gbogbo etí òkun já.

“Rogue! Rogue! She tief my rice! Rogue!”

Rogue ni wọ́n ń pe olè níbẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì pè bẹ́ẹ̀ ní Monrovia, kó yáa mọ eré sá. Ilé tí mo ti ń fi gbohùngbohùn bẹ̀ láti ìgbà yìí, tí ẹnikẹ́ni kò jáde, gbogbo wọn ló ṣí. Obìnrin jáde pẹ̀lú ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọdé jáde. Wọ́n pa iná tì, wọ́n gbá tẹ̀lé mi, bàtà ẹnì kan bà mí lẹ́yìn. Omi ìrẹsì gbígbóná ń dà sí mi léjìká, yanrìn ń gba ẹsẹ̀ mi, ṣùgbọ́n èmi tí mo gbé omi kiri gbogbo ọjà nígbà tí mo wà ní kékeré, ta ló fẹ́ gba igbá lórí mi? Mo ń sá, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lẹ́yìn mi. Ibi tí mo ti ń sá ni mo ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀: gbogbo etí òkun ló ń bá mi bọ̀. Ni mo bá túbọ̀ ki eré mọ́lẹ̀.

Nígbà tí mo dé títì, Bàbá Sùlè ti fò sílẹ̀ nínú lọ́rì, ó dúró sáàárín èmi àti wọn, ó na ọwọ́ méjèèjì. “Hold it there! Everybody, stand!” Ohùn sójà ni, àwọn àgbà inú wọn sì mọ ohùn náà láti ìgbà ogun. Wọ́n dúró. Dẹkọ́ntì tó wà lẹ́yìn wọn ń ti àwọn tó gbẹ̀yìn gòkè. Ol’ Ma Nyẹ́má ló dé kẹ́yìn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ di aṣọ rẹ̀ mú. Ó wá síwájú mi tààrà. Ó gbé ọwọ́ sókè láti gbá mi létí.

Ìgbà náà ni a gbọ́ ọ.

Gbogbo wa yíjú padà. Ògiri ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Páànù orí ilé ká bí ewé, ó tẹ̀ lé e. Omi gba ibi ìdáná kọjá, ibi tí àwọn ọmọ jókòó sí lẹ́ẹ̀kan, èéfín díẹ̀ rú sókè, ó tán. Lẹ́yìn náà ni ilé kejì, àti èyí tó tẹ̀ lé e. Obìnrin kan rọra fi ìpọnbẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lórí títì.

Ọwọ́ ìyá náà ṣì wà lókè. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ sí èjìká mi, ibi tí omi gbígbóná ti bó. Kò sunkún. Èmi ni mo ń sunkún, ìkòkò ṣì wà lórí mi.

“Come,” ló wí. “The rice will spoil.”

Àjẹpọ̀

Nínú àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ ni ìrẹsì náà ti parí jíjinná. Mọ́mì fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀ tó fẹ́ iná fún wọn, lẹ́yìn tó ti figbe bọnu pé ṣé iyán òun ni kì í ṣe oúnjẹ! Pásítọ̀ kó ìrẹsì ilé wọn jáde, àwọn ìyá gba ilé ìdáná lọ́wọ́ àwọn obìnrin ìjọ, àlejò sì dáná. Wọ́n bù ú sínú àwọn abọ́ fífẹ̀, gbogbo wa yí i ká pẹ̀lú ṣíbí wa. Ọkùnrin abẹ́ máńgòrò jẹ tirẹ̀, ó nu ẹnu, ó wò mí, ó ní, “Now I eat.” Mọ́mì náà jẹ nínú rẹ̀, ó sì yìn ín. Lẹ́yìn náà ló fà mí lápá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Anti Bísí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé iyán ọ̀sán yẹn ṣẹ́ kù? Èmi ò tíì jẹun o.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí léèrè ohun tí mo kọ́ wọn níbẹ̀, ohun tí a jọ kọ́ nìyí: láti ọjọ́ náà lọ, bí fèrè bá ti dún ní New Kru Town, ìkòkò àti àpò ìrẹsì ló ń kọ́kọ́ wọ lọ́rì Bàbá Sùlè. Bí ìkòkò bá ti lọ, kò sí ìyá tí yóò jókòó. Àwọn tó ń bú mi létí odò níbí yìí, mo ń wá ohun tí ẹ̀yin náà kò lè fi sílẹ̀. N ó rí i.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n parí ti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Òkun ti fà sẹ́yìn, ó dákẹ́ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. A sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ibẹ̀, èmi, Dẹkọ́ntì, àti àwọn onílé. Yanrìn tó tẹ́jú ló kù níbi tí ilé Ol’ Ma Nyẹ́má wà. Apẹja kan tó sùn sí òdìkejì ìlú lálẹ́ àná sáré dé, ó rí ibẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ìyá náà, ó ń wọ inú omi lọ, ó ń wá a.

Ìyá náà jáde láti ẹ̀yìn wa. Ó ké sí i pé kó padà. Ó wá na ìka sí mi níwájú gbogbo èèyàn, ojú rẹ̀ le koko.

“Ṣé o rí rogue yìí?” ló wí ní èdè wọn, Dẹkọ́ntì sì túmọ̀ rẹ̀ sí mi létí. “Ká ní kò jí ìkòkò mi ni, inú omi yẹn gan-an lò bá ti rí mi.”

Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ mi mú, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀ títí a fi gòkè dé títì.